Létà Kan, Ohùn Mẹ́ta

Ní Iléṣà, gbogbo ará ilé wa ló gbà pé òkè òkun ni mo wà. Bí àwọn ìyá ìjọ bá ń gbàdúrà fún àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn odi, wọ́n máa ń ka orúkọ mi mọ́ ti àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù àti Kánádà, wọ́n á ní kí Olúwa má jẹ́ kí òtútù pa wá. Èmi náà á ṣe àmín láti Pobè, níbi tí òógùn ti ń ṣàn lẹ́yìn mi bí omi ẹ̀rọ. Àbúrò mi ọkùnrin tilẹ̀ ní kí n ya fọ́tò yìnyín ránṣẹ́ sí òun. Mo ya fọ́tò ẹrẹ̀ dúdú ìlú àwọn Ọ̀họ̀rí ránṣẹ́ sí i, ẹrẹ̀ tó gba bàtà mi lẹ́sẹ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé. Mo ní yìnyín tiwa nìyẹn, iná ló jó o.

Kí n sọ òtítọ́: òkun kọ́ ni mo ré kọjá, okùn ni. Okùn kan tí àwọn aṣọ́bodè ta sójú ọ̀nà láàárín Nàìjíríà àti ilẹ̀ elédè Faransé tó múlé tì í, tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ó bá ti wù wọ́n. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kọjá, mo sì di ará òkè òkun.

Ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi tí mo ti ń ṣe olùkọ́ ló kógbá sílé. Ọkùnrin kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé ilé ìwé aládàáni kan ní Pobè ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní, "Yorùbá kan náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Yóò dà bíi pé o wà nílé." Mo ti dárí jì í.

Onílé mi ni Ìyá Sìdónì, obìnrin aláṣọ funfun tí kì í wọ bàtà lọ sí ilé ìjọsìn, tó sì ń ta oúnjẹ àárọ̀ ní ibùdókọ̀. Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ jí sí ilé rẹ̀, ó ké sí mi láti ìdí iná.

"Ọmọ mi, bá mi mú pẹ́ẹ̀n wá."

Inú mi dùn pé ó rí mi rán níṣẹ́. Mo tú àpò mi, mo mú pẹ́ẹ̀nì tó dára jù nínú èyí tí mo ní, mo kúnlẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Ó wo bírò, ó wò mí.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe? Ṣé kí n kọ ebi mi sílẹ̀ ni?"

Búrẹ́dì ni wọ́n ń pè ní pẹ́ẹ̀n. Faransé ni wọ́n ti yá a, bí àwa náà ṣe yá búrẹ́dì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìyá Sìdónì rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó pe aládùúgbò kan, ó fi bírò hàn án, ìyẹn náà sì pe ẹlòmíràn.

"Yorùbá tiyín, ti rédíò ni," ó sọ nígbà tí ẹ̀rín jẹ́ kó sọ̀rọ̀. "Ó dùn ún gbọ́, àmọ́ kò ṣe é jẹ."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń kí mi lójú ọ̀nà pé, "Ẹ kú bírò o!"

Mo ti rò pé ohun tó ń jẹ́ kí àjò korò ni pé kí èèyàn má gbọ́ èdè. Irọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ aláwọ̀ funfun ni mo lọ, kò sẹ́ni tí yóò retí pé kí n gbọ́ nǹkan kan, wọn ì bá ṣàánú mi. Ní Pobè, mo ń gbọ́ gbogbo gbólóhùn tán, ó wá ku ọ̀rọ̀ kan péré, inú ọ̀rọ̀ kan yẹn ni ìtumọ̀ sì máa ń fara pamọ́ sí. Wọn kò ṣàánú mi rárá. Wọ́n rò pé mo ń ṣe àṣejù ni.

Ẹni tó ni ilé ìwé wa, Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀ la ń pè é. Takon ni wọ́n bí i sí, láàárín oko, ṣùgbọ́n Faransé ló fi ń lé ewúrẹ́ kúrò lọ́gbà. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ nínú ooru. Ó ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún mi: ní àárọ̀, Tàńtí Róòsì, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ obìnrin níbẹ̀, yóò kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé, ní ọ̀sán, èmi yóò kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Èdè méjì lẹ́ẹ̀kan náà, fún àwọn ọmọ tí eyín wàrà ṣì kún ẹnu wọn. Ó ní àwọn òbí fẹ́ràn rẹ̀. Òótọ́ sì ni. Ẹnubodè wà nítòsí, gbogbo òbí ló fẹ́ ọmọ tí yóò lè fi Gẹ̀ẹ́sì ná ọjà fún wọn.

Tàńtí Róòsì jẹ́ ọmọlúàbí, olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ sì ni. Ní àárọ̀ yóò kọ àwọn fáwẹ̀lì sójú pátákó. Yóò na pàṣán sí a, àwọn ọmọ á ní "á!" Yóò nà án sí e, wọ́n á ní "ẹ̀ẹ̀ẹ̀", bí ẹni tí ń ronú ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Yóò nà án sí i, wọ́n á ní "í!" Ó dára. Wọ́n á lọ ṣeré, wọ́n á jẹ ìrẹsì àti ẹ̀wà, wọ́n á sùn díẹ̀. Nígbà náà ni èmi á wọlé, pẹ̀lú pàṣán kan náà, níwájú pátákó kan náà. Mo na pàṣán sí a, mo ní "éè". Mo nà án sí e, mo ní "í". Mo nà án sí i, mo ní "áì", bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè. Awáwù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Làsísì tó ń ta kpayó lẹ́bàá ọ̀nà, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń gbé wá láti Nàìjíríà nínú kẹ́ẹ̀gì. Ọmọ ìlú mi ni epo náà, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ jù mí lọ.

"Tàńtí, í kọ́ nìyẹn o. Í nìyí." Ó na ìka sí létà i. "Tàńtí Róòsì ló sọ ọ́."

"Ní àárọ̀ nìyẹn, Awáwù. Ní ọ̀sán, áì ni."

Ó ronú sí i. "Ṣé ó máa ń yí orúkọ padà tí oòrùn bá ti mú ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni ǹ bá sọ?

Àwọn ọmọ tó kù rí ọgbọ́n dá sí i. Wọ́n ń wo ojú ẹni tó di pàṣán mú kí wọ́n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n Awáwù kì í ṣe ọmọ tó ń wojú. Ó fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òtítọ́ nínú rẹ̀, nígbà tí kò sì rí i, ó pa ẹnu dé. Bí a bá kọ létà kan, ì báà ṣe ti àárọ̀ ì báà ṣe ti ọ̀sán, yóò di ètè pọ̀ bí ẹni tí wọ́n fẹ́ fún ní oògùn ibà. Níta, ó ń pariwo ju gbogbo wọn lọ. Nínú kíláàsì, ó yadi. Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀ yọjú lójú fèrèsé, ó mi orí, ó sì sọ ọ̀rọ̀ Faransé kan tí n kò gbọ́, àmọ́ tí mo mọ̀ pé kì í ṣe oríkì.

Ọjọ́ Àìkú ló máa ń gùn jù fún mi. Ìyá Sìdónì á ti wọ funfun lọ, ilé á dákẹ́. N kò ní ìjọ, n kò ní ẹgbẹ́, àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó wà lọ́jà sì ń bi mí pé kí ni mo wá tà. Bí mo bá ní mi ò ta nǹkan kan, wọ́n á wò mí bí amí. Ìgbà yẹn ni mo máa ń pe ìyá mi.

"Ìgbà wo lo ń bọ̀ wá sí ulé?" ó bi mí ní ọjọ́ kan.

Ulé. Bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é nìyẹn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, olùkọ́ wa kan dúró níwájú kíláàsì, ó ní kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kankan tí u bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo na ọwọ́, mo ní "ulé ń kọ́?" Gbogbo kíláàsì fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí sáà fi parí. Láti ìgbà náà ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń sọ Yorùbá rédíò. Mo kọ́ ọ dé ojú àmì. Ní báyìí mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ní ilẹ̀ olómìnira mìíràn, ohùn ìyá mi sì ń lu etí mi bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù. Mo rántí bí mo ṣe di ètè pọ̀ nínú kíláàsì yẹn. Mo rántí ojú Awáwù.

Ní ọjọ́ Ajé, ní ọ̀sán, mo nu pátákó mọ́. Mo ní, "Lónìí a ò sọ Gẹ̀ẹ́sì, a ò sì sọ Faransé. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé la ó ṣe sọ ọ́." Mo kọ a, mo ní "ajá". Wọ́n gbó bí ajá. Mo kọ e, mo ní "ejò", wọ́n gbé ẹsẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Mo kọ ẹ fún ẹyẹ, i fún igi, o fún oko, ọ fún ọ̀bọ, gbogbo wọn sì di ọ̀bọ lójú mi. Létà kan, ohùn kan, ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán. Mo wá dé orí u, ọwọ́ mi sì dúró lójú pátákó.

Mo ní, "Ulé."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Tàńtí, kí ni ulé?"

"Ilé wa ni. Bí ìyá mi ṣe ń pè é nìyẹn."

Láti ìjókòó ẹ̀yìn, mo gbọ́ ohùn kan tó ga ju ti gbogbo wọn lọ. "Ú-lé! Ú! Ú! Ú-lé!" Awáwù ni. Ó dìde dúró, ó na ìka sí létà náà lójú pátákó, ó ń pè é bí ẹni tó rí ojúlùmọ̀ lọ́jà. Mo kọ ojú sí pátákó kí wọ́n má baà rí mi. Ìyá mi kò kàwé rí, òun náà ló sì la ẹnu ọmọ yìí.

Nígbà tí mo yí padà, Mùsíọ̀ Dìrẹ́tọ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Màdáàmù," ó ní, "ṣé torí kí àwọn ọmọ yìí lè máa pe ejò la ṣe mú yín gba ẹnubodè wá? Ejò kún ẹ̀yìnkùlé wọn. Wọn kò nílò ilé ìwé kí wọ́n tó rí i."

"Ẹ gbọ́ wọn ná, Mùsíọ̀. Wọ́n mọ létà. Awáwù sọ̀rọ̀."

"Èdè oko ló sọ." Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ó bá mi sọ Yorùbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Yorùbá rẹ̀ sì dára púpọ̀.

A padà sí éè, í, áì. Nígbà tí ọdún ilé ìwé parí, ó pe àwọn òbí jọ sí ọgbà. Níwájú gbogbo èèyàn, ó sọ fún Làsísì pé orí ọmọ rẹ̀ dí, pé kò lè lọ sí kíláàsì tó kàn, kí ó má fi ìgbà ọmọ náà ṣòfò. Làsísì ṣí fìlà rẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, pé ó dúpẹ́. Mùsíọ̀ yíjú sí èmi náà, ó ní òun ti rí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tuntun láti Gánà. Kò gbọ́ Yorùbá rárá, Dìrẹ́tọ̀ sì ń sọ ọ́ bí ẹni pé oyè ni.

Mo lọ bá Làsísì lẹ́bàá ọ̀nà. Ó jókòó láàárín àwọn ìgò epo rẹ̀.

"Bàbá Awáwù, ẹ jọ̀ọ́, orí ọmọ yín kò dí o. Àwa la dà á láàmú."

"Tàńtí, ẹ má bínú. Èmi ò mọ̀wé, bàbá mi ò mọ̀wé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa mọ nìyẹn." Ó da epo sínú ọ̀kadà ẹnì kan kó tó tún sọ̀rọ̀. "Mo ti mú un lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Sakété. Yóò máa bá a pọn ọmọ. Ó kéré tán, ọmọ pípọ̀n kò ní kíláàsì."

Ìyá Sìdónì ni kò jẹ́ kí n padà sílé. Ó ní, "Lọ sọ kí ni fún wọn? Ẹni tó ti mọ pẹ́ẹ̀n báyìí, kó wá bá mi tà á." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di olóúnjẹ ibùdókọ̀ ní òkè òkun. Àbúrò mi pè, ó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mo ń ṣe báyìí. Mo ní mo ń ta búrẹ́dì.

"Mà á sọ fún wọn pé o wà ní yunifásítì," ó ní.

Ní ọjọ́ ọjà, mo gun zẹ̀mìjáàn, ọ̀kadà ìhín, lọ sí Sakété. Mo bá Awáwù ní ìsọ̀ aṣọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bàsírù. Bàsírù ni ọmọ tó pọ̀n, ọmọ tó sanra tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò fi lè mọ ẹni tó pọn ẹnì kejì. Nígbà tí Awáwù rí mi, ó fẹ́ sáré wá, Bàsírù sì fà á padà bí ẹrù.

Ìyá Bàsírù wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Ta ni yín o?"

"Olùkọ́ Awáwù ni mí, ìyá."

"Olùkọ́ ọmọ tí wọ́n ní kò lè kàwé? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ṣe é dáadáa."

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n máa jókòó ti ọmọ náà díẹ̀ ní ọjọ́ ọjà. Ó ní kò burú, bí Bàsírù kò bá ti sọ̀ kalẹ̀, tí n kò sì dí aṣọ lójú oníbàárà. Mo mú síléètì jáde, mo kọ a, e, ẹ. Ìyá Bàsírù na ọrùn wò ó.

"Kí ló wà lábẹ́ èyí? Ṣé eṣinṣin ló yàgbẹ́ sí i?"

"Bí a ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, ìyá. Ẹ ni."

"Níbo ni wọ́n ti ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀?"

"Nílé."

Ó gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Ó ti lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà tí wọ́n ṣe fún àwọn obìnrin ọjà, àṣé kò sì fi ṣeré. Ó kọ ɛ dípò ẹ, ó kọ ɔ dípò ọ, gbọnrangandan. "Tiwa rèé. Ó mọ́."

"Ìyá, èyí dà bíi mẹ́ta tó kẹ̀yìn sáyé."

"Ó sàn kó kẹ̀yìn sáyé ju kó yàgbẹ́ sáyé lọ."

Awáwù ń wò wá, ó ti ń di ètè pọ̀. Mo rí i. Ohùn kan, àwòrán méjì, àgbà méjì tó ń jà lé e lórí. Mo fi ìka nu ẹ mi kúrò. Ẹ rántí pé mo ti ré okùn ẹnubodè kọjá láìbojú wẹ̀yìn, mo ti gba pẹ́ẹ̀n, mo ti gba orúkọ Bírò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo nu àmì kékeré yẹn, ó dà bíi pé mo ń nu ilà ojú bàbá mi. Mo kọ ɛ. Ó wọ́ díẹ̀. Ìyá Bàsírù ní kí n tún un kọ.

Látìgbà náà, gbogbo ọjọ́ ọjà ni. Bàsírù á sùn lẹ́yìn rẹ̀, Awáwù á máa so létà pọ̀: ba, bɛ, bi, bɔ. Bí ó bá ṣì í, a máa rẹ́rìn-ín, a sì tún un ṣe. Mo ń padà sí Pobè pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì lára aṣọ mi, inú mi á sì máa dùn bí ẹni tó gba àmì ẹ̀yẹ. Kò sí ẹni tí mo lè ròyìn rẹ̀ fún. Bí mo bá pe Iléṣà pé ọmọ kan ka "bàtà" lónìí, wọ́n á bi mí pé irú bàtà wo, ṣé ó wá láti Ítálì.

Nígbà tí ìsinmi gígùn ń parí lọ, Làsísì wá kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo wà níbẹ̀. Ó kí mi, ó jókòó sórí àpótí, ojú ń tì í díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí Awáwù ṣe nǹkan kan. Ó kàn gbé síléètì sórí eékún, ó yọ ahọ́n, ó kọ̀wé, ó sì gbé e wá síwájú bàbá rẹ̀.

"Kí nìyẹn?" bàbá bi í.

"Ẹ̀yin ni. La-si-si." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa i tó wà lẹ́yìn rẹ́, ó kọ o dípò rẹ̀. "Ní báyìí ẹ ti di Lasiso." Ó tún pa èkejì rẹ́. "Lasoso!"

Ìyá Bàsírù bú sẹ́rìn-ín tó fi wó lu ìdì aṣọ. "Lásósò! Lásósò, ẹ káàbọ̀ o!" Àwọn oníbàárà bá a rẹ́rìn-ín. Làsísì kò rẹ́rìn-ín. Ó gba síléètì, ó gbé e súnmọ́ ojú.

"Dá mi padà," ó sọ fún ọmọ rẹ̀, jẹ́jẹ́.

Awáwù nu o méjèèjì, ó kọ i síbẹ̀. Bàbá fi ìka tó ń rùn fún epo kan án, díẹ̀díẹ̀, kó má baà parẹ́. "Í nìyí?"

"Í nìyẹn. Ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán."

Ó dìde. Ó ní, "Awáwù, sọ ọmọ yẹn kalẹ̀. Lọ kó ẹrù rẹ. Ilé ìwé ìjọba ń wọlé."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbé orí sókè láàárín aṣọ. "Ta ni yóò wá máa bá mi pọn Bàsírù?"

"Ẹ̀yin lẹ bí i, ẹ̀gbọ́n mi."

Mo bá wọn gun ọ̀kadà Làsísì padà sí Pobè, Awáwù níwájú, bàbá rẹ̀ láàárín, èmi lẹ́yìn. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ sẹ́bàá ọ̀nà ni Awáwù ń kà sókè: orúkọ ìsọ̀, ara ọkọ̀, ògiri ilé onílé. Faransé ni púpọ̀ nínú wọn. Lẹ́yìn ìlú, níbi ẹ̀rọ omi kan, pátákó wà tí wọ́n kọ EAU sí. Omi ni Faransé ń pè bẹ́ẹ̀, "ó" lásán ni wọ́n sì ń kà á. Létà mẹ́ta ni, kò sí o kankan nínú wọn.

"E! A! U!" Awáwù kígbe.

Làsísì tẹ bíréèkì. Ó yí ọrùn padà sí mi, ojú rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù. "Tàńtí, ṣé ó kà á dáadáa?"

"Ó kà á dáadáa," mo ní. "Àwọn tó kọ ọ́ ni kò mọ̀ ọ́n kọ."